Bí A Ṣe Ń Bẹ̀rẹ̀ Ẹ̀sìn Búdà: Ìdáhùn fún Ẹni Tí Kò Tíì Mọ Ibi Tí Yóò Gbà Wọlé

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wádìí nípa ẹ̀sìn Búdà kì í pẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tó dà rú mọ́ ọn lójú. Olùkọ́ kan yóò ní kó jókòó jẹ́ẹ́, kó máa ka èémí rẹ̀. Òmíràn yóò ní kó máa fi tọkàntọkàn pe orúkọ Búdà kan tó ń jẹ́ Amida. Ẹlòmíràn yóò sì ní àkọlé ìwé mímọ́ kan ni kó máa pè léraléra, láàárọ̀ àti lálẹ́. Gbogbo wọn ni yóò sọ pé ẹ̀kọ́ Búdà làwọn ń tẹ̀ lé, irọ́ kọ́ ni wọ́n sì ń pa. Kó tó mọ èyí tí yóò mú, ìbéèrè mìíràn ti dé: ṣé dandan ni kó fi ẹ̀sìn tó ń ṣe tẹ́lẹ̀ sílẹ̀, ta ni yóò gbà á wọlé, èló ni yóò san, ṣé wọn yóò sì fá orí rẹ̀? Ohun tí mo fẹ́ kó yé ẹni tó wà ní ipò yìí ni pé nínú ẹ̀sìn Búdà, ṣíṣe ló ń ṣáájú, ìforúkọsílẹ̀ ló ń tẹ̀ lé e. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ búra, tàbí kó sanwó, tàbí kó yí orúkọ padà kó tó lè jókòó ṣe àṣàrò fún ìgbà àkọ́kọ́. Nítorí bẹ́ẹ̀, àyè wà gan-an láti fara balẹ̀ wo ẹ̀kọ́ náà àti àwọn tó ń kọ́ni kí èèyàn tó fi ara rẹ̀ sábẹ́ ẹgbẹ́ kankan.

Ta ni Búdà, kí ló sì kọ́ni?

Orúkọ oyè ni Búdà, ó túmọ̀ sí ẹni tí ojú rẹ̀ là, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń lò ó fún ẹlòmíràn bíi Amida. Ṣùgbọ́n èèyàn ni Búdà tó dá ẹ̀sìn yìí sílẹ̀. Siddhartha Gautama ni orúkọ rẹ̀, Lumbini, tó wà ní orílẹ̀-èdè Nepal lónìí, ni wọ́n sì ti bí i ní nǹkan bí 2,500 ọdún sẹ́yìn. Ìtàn sọ pé ó fi ilé ọlá sílẹ̀ nígbà tó rí i pé ogbó, àìsàn àti ikú kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, pé ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún febi pa ara rẹ̀ títí tó fi rù kan egungun, kó tó mọ̀ pé ìyẹn náà kò mú òun dé ibì kankan. Ìgbà tó jẹun, tó sì jókòó sábẹ́ igi kan ní Bodh Gaya nílẹ̀ Íńdíà, ni ojú rẹ̀ là sí òtítọ́ tó ń wá. Àwọn ọkùnrin márùn-ún tí wọ́n ti jọ ń fìyà jẹ ara wọn tẹ́lẹ̀ ló kọ́kọ́ kọ́, ní Sarnath lẹ́bàá ìlú Varanasi. Kò pe ara rẹ̀ ní Ọlọ́run, kò sì sọ pé Ọlọ́run kan ló rán òun níṣẹ́. Bí a bá rí àwọn èèyàn tí wọ́n ń forí balẹ̀ níwájú ère rẹ̀, ọ̀wọ̀ tí wọ́n ń fún olùkọ́ àti ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ èèyàn tún máa ń tọrọ ìbùkún níbẹ̀.

Ohun tó sọ ní Sarnath ni a mọ̀ sí òtítọ́ mẹ́rin. Àkọ́kọ́ ni pé ìnira wà nínú ìgbé ayé: ìbí, ogbó, àìsàn, ikú, pípínyà pẹ̀lú ohun tí a fẹ́, àti àìrí ohun tí a ń wá. Èkejì ni pé ìfẹ́ tí kì í tẹ́ èèyàn lọ́rùn, èyí tó ń mú kí ọkàn máa dì mọ́ nǹkan, ni orísun ìnira náà. Ẹ̀kẹta ni pé bí ìdìmọ́ yẹn bá dópin, ìnira yóò dópin pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni ọ̀nà tí a ń tọ̀ débẹ̀, tó ní ẹ̀ka mẹ́jọ: ìwòye tó tọ́, èrò tó tọ́, ọ̀rọ̀ tó tọ́, ìṣe tó tọ́, iṣẹ́ òòjọ́ tó tọ́, ìsapá tó tọ́, ìkíyèsí tó tọ́ àti ìpọkànpọ̀ tó tọ́. Bí a bá wò ó dáadáa, apá kan ṣoṣo nínú ọ̀nà yìí ni àṣàrò jẹ́. Ẹnu tí a fi ń bá aládùúgbò sọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀, iṣẹ́ tí a fi ń jẹun sì wà nínú rẹ̀. Ó ká mi lára pé àwọn tó ń polówó àṣàrò bíi pé oògùn oorun lásán ni kì í sábà sọ èyí fún àwọn tó ń gbọ́ wọn.

Ṣé mo gbọ́dọ̀ gba gbogbo rẹ̀ gbọ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀?

Rárá. Ìdáhùn tó dára jù lọ sí ìbéèrè yìí wà nínú ọ̀rọ̀ tí Búdà bá àwọn ará Kalama sọ ní ìlú wọn, Kesaputta. Àwọn èèyàn náà ṣàlàyé fún un pé onírúurú oníwàásù ti gba ìlú àwọn kọjá, pé olúkúlùkù ń gbé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ ga, ó sì ń fi ti ẹlòmíràn wọ́lẹ̀, àwọn kò sì mọ ẹni tí àwọn yóò gbà gbọ́ mọ́. Búdà kò bá wọn jà pé wọ́n ń ṣiyèméjì. Ó ní ìyèméjì wọn tọ́. Ó ní kí wọ́n má ṣe gba ohun kan nítorí pé ó ti wà láti ìgbà àwọn baba, tàbí nítorí pé ó wà nínú ìwé mímọ́, tàbí nítorí pé olùkọ́ wọn ló sọ ọ́. Ìgbà tí wọ́n bá mọ̀ fúnra wọn pé ohun kan ń mú ìpalára wá ni kí wọ́n pa á tì; ìgbà tí wọ́n bá sì mọ̀ pé ó ń mú ire àti àlàáfíà wá, tí àwọn ọlọ́gbọ́n sì yìn ín, ni kí wọ́n mú un lò. Àwọn kan máa ń fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe àwáwí láti mú ohun tó bá wù wọ́n, kí wọ́n sì ju ìyókù nù, ṣùgbọ́n ohun tó sọ kọ́ nìyẹn. Ó ní kí wọ́n dán an wò nínú ìgbé ayé wọn, kí wọ́n sì wò ó bóyá ìwọra, ìkórìíra àti àìmòye ń pọ̀ sí i ni tàbí wọ́n ń dín kù.

Kò yẹ kí a fi ohun kan pa mọ́ níhìn-ín. Nínú ẹ̀ka ẹ̀sìn Búdà tó pọ̀ jù, wọ́n gbà pé ẹni tó kú máa ń padà wáyé, àti pé karma, ìyẹn èso tí ìṣe èèyàn ń so, ló ń pinnu irú ìgbésí ayé tí yóò bá. Ẹni tí kò gba èyí gbọ́ lè jókòó ṣe àṣàrò, ó lè pa àwọn ìlànà mọ́, ó sì lè fi ìbéèrè náà sílẹ̀ láìdáhùn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n kó má ṣe yà á lẹ́nu bí àwọn tó bá nínú ẹgbẹ́ bá ń sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí òtítọ́ tó dájú, kó má sì ṣe wọlé tọ̀ wọ́n pẹ̀lú èrò pé òun ló mọ ohun tí Búdà ní lọ́kàn ju àwọn tí wọ́n ti ń ṣe é láti ìgbà èwe wọn lọ.

Ní ti ẹ̀sìn tí èèyàn ń ṣe tẹ́lẹ̀, ibi tó bá lọ ni yóò sọ bí ìdáhùn ṣe máa rí. Dalai Lama kẹrìnlá, aṣáájú ẹ̀sìn Búdà ti Tibet, tí wọ́n bí ní 1935, máa ń gba àwọn èèyàn níyànjú lemọ́lemọ́ pé kí wọ́n dúró sínú ẹ̀sìn tí wọ́n bí wọn sí, kí wọ́n sì mú ohun tó bá wúlò fún wọn nínú ẹ̀kọ́ Búdà. Ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń ṣe àṣàrò kì í sì í béèrè ẹ̀sìn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí B. R. Ambedkar, aṣáájú àwọn tí wọ́n ń pè ní aláìmọ́ nínú ètò tó ń fi ìbí pín àwọn èèyàn sí ipò gíga àti ipò rírẹlẹ̀ nílẹ̀ Íńdíà, di ẹlẹ́sìn Búdà ní Nagpur ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 1956, òun àti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún èèyàn tó tẹ̀ lé e jẹ́ ẹ̀jẹ́ 22, àwọn kan lára ẹ̀jẹ́ náà sì jẹ́ kíkọ àwọn òrìṣà Híńdù sílẹ̀ pátápátá. Lójú tiwọn, wíwọ ẹ̀sìn Búdà jẹ́ jíjáde kúrò lábẹ́ ìnilára, àbọ̀ kò sì lè sí nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ di ẹ̀sìn rẹ̀ mú kó béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ ibi tó ń lọ láìfi bọpobọyọ̀, kó tó kópa nínú ètò ìwọlé èyíkéyìí.

Èwo nínú gbogbo ẹ̀ka yìí ni ká mú?

Ẹ̀ka tí wọ́n ń pè ní Theravada ló gbilẹ̀ ní Sri Lanka, Táílàndì, Myanmar, Cambodia àti Laos. Ìwé mímọ́ wọn wà ní Pali, èdè àtijọ́ kan nílẹ̀ Íńdíà, àwọn mọ́ńkì, ìyẹn àwọn tó fi gbogbo ayé wọn fún ẹ̀sìn náà, sì ni òpó rẹ̀. Inú rẹ̀ ni àṣàrò vipassana, ìyẹn kíkíyèsí ara àti ọkàn bí wọ́n ṣe rí gan-an, ti jáde, èyí tí àwọn olùkọ́ bíi Mahasi Sayadaw (1904–1982) àti S. N. Goenka (1924–2013) mú dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kì í ṣe mọ́ńkì. Mahayana ló gbilẹ̀ ní Ṣáínà, Kòríà, Jàpáànù àti Vietnam, inú rẹ̀ sì ni ìyàtọ̀ ti pọ̀ jù. Àwọn Zen, tí wọ́n jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlà rẹ̀, máa ń jókòó ṣe àṣàrò. Dogen (1200–1253), tó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ní Ṣáínà kó tó padà sí Jàpáànù, ló dá ìlà Soto sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì sábà máa ń kọjú sí ògiri. Àwọn tí wọ́n ń tọ ọ̀nà Ilẹ̀ Mímọ́ (Pure Land) ló máa ń pe orúkọ Amida, bí àwọn olùkọ́ ará Jàpáànù, Honen (1133–1212) àti Shinran (1173–1263), ṣe kọ́ wọn, nítorí wọ́n gbà pé agbára èèyàn nìkan kò tó láti gba ara rẹ̀ là. Nichiren (1222–1282), mọ́ńkì ará Jàpáànù, ló ní kí àwọn èèyàn máa pe Nam-myoho-renge-kyo, ìyẹn àkọlé ìwé Lotus, ọ̀nà yìí sì ni Soka Gakkai, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Jàpáànù ní 1930, ń tọ̀. Ẹ̀kọ́ Tibet, tó tún wà ní Bhutan àti Mongolia, ń lo àwòrán inú ọkàn, ọ̀rọ̀ mímọ́ àti àjọṣe tó jinlẹ̀ láàárín olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́.

Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ kò nílò láti kọ́ gbogbo èyí sórí. Kó mọ̀ pé wọ́n wà, kí ọ̀rọ̀ ẹ̀ka kan má bàa tako ti èkejì lójú rẹ̀, kó sì lọ wo méjì tàbí mẹ́ta tó bá lè dé. Lẹ́yìn ìyẹn ni kó mú ẹyọ kan, kó sì dúró tì í fún oṣù bíi mélòó kan. Ẹni tó ń ka èémí lónìí, tó ń pe Amida lọ́la, tó sì ń ya àwòrán òrìṣà Tibet sọ́kàn lọ́túnla, kò ní mọ èyí tó ń ṣiṣẹ́ àti èyí tí kò ṣiṣẹ́.

Jíjókòó gan-an

Ohun tí a nílò kò pọ̀: ibi tó dákẹ́ díẹ̀, tìmùtìmù tó le tàbí àga, àti ìṣẹ́jú 10 sí 15. Ẹni tó bá jókòó sílẹ̀ kó gbé ìdí rẹ̀ ga sórí tìmùtìmù títí tí orúnkún méjèèjì yóò fi kan ilẹ̀, nítorí bí orúnkún bá ga ju ìbàdí lọ, ẹ̀yìn yóò tẹ̀, ìrora yóò sì dé kíá. Ẹni tó bá lo àga kó jókòó síwájú díẹ̀, kó má fẹ̀yìn tì, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì sì wà nílẹ̀. Àga kò dín nǹkan kan kù nínú àṣàrò. Kí ẹ̀yìn nà láìgan, kí àgbọ̀n wọlé díẹ̀, kí ọwọ́ sinmi lórí itan. Àwọn Zen máa ń la ojú díẹ̀, wọn a sì wolẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn mìíràn máa ń dijú.

Lẹ́yìn náà, kó jẹ́ kí èémí máa lọ bó ṣe ń lọ, kó má fà á, kó má sì dá a dúró. Kó mú ibì kan tó ti ń mọ̀ ọ́n lára, bóyá ihò imú tàbí ikùn, kó sì máa kà á bó bá ti ń mí síta: ọ̀kan, èjì, títí dé ẹ̀wá, kó tún padà sí ọ̀kan. Kò ní pẹ́ tí yóò fi rí i pé òun ti ka a dé mẹ́rìnlá, tàbí pé òun kò kà á mọ́, pé ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan sọ lánàá ni òun ń dá lóhùn nínú ọkàn. Ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ pé àṣàrò kò ṣeé ṣe fún àwọn, nítorí wọ́n rò pé ọkàn gbọ́dọ̀ ṣófo. Kò sí ẹni tó ní kó ṣófo. Ìṣẹ́jú àáyá tí èèyàn mọ̀ pé òun ti ṣáko lọ ni iṣẹ́ náà gan-an. Kó padà sí ọ̀kan, láìbá ara rẹ̀ wí. Bó ṣe padà nígbà ogún nínú ìjókòó kan, ìgbà ogún ló ti ṣe ohun tó wá ṣe.

Ẹsẹ̀ lè kú tipiri. Kó rọra yí i padà. Oorun lè máa kùn ún. Kó lajú, tàbí kó dìde, kó máa rìn díẹ̀díẹ̀, kó máa kíyè sí bí àtẹ́lẹsẹ̀ ṣe ń gbéra àti bó ṣe ń kanlẹ̀, nítorí rírìn náà jẹ́ àṣàrò nínú ọ̀pọ̀ lára ẹ̀ka wọ̀nyí. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójoojúmọ́ sàn ju wákàtí kan lọ́sẹ̀ kan. Ìtàn Sona, mọ́ńkì kan tó jẹ́ ọmọ ẹ̀yìn Búdà, bá ọ̀rọ̀ yìí mu. Ó fi ìtara rìn nínú àṣàrò títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi bó, tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé kí òun padà sílé. Búdà mọ̀ pé ó máa ń fi ohun èlò olókùn kọrin tẹ́lẹ̀, ó sì bi í pé bí okùn rẹ̀ bá le jù, ṣé ó máa ń dún dáadáa? Sona ní rárá. Bó bá dẹ̀ jù ńkọ́? Ó tún ní rárá. Búdà ní bẹ́ẹ̀ náà ni ìsapá: bó bá le jù, ọkàn kò ní balẹ̀, bó bá dẹ̀ jù, ọ̀lẹ yóò wọlé.

Ìkìlọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí a gbà tọkàntọkàn. Àṣàrò ọlọ́jọ́ gígùn yàtọ̀ sí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nínú ètò ọlọ́jọ́ mẹ́wàá tí Goenka fi lélẹ̀, nǹkan bíi wákàtí mẹ́wàá ni èèyàn ń fi jókòó lójoojúmọ́, láìbá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀, láìsí fóònù àti ìwé kíkà. Wọn kì í gba owó fún un, ẹni tó bá ti parí rẹ̀ nìkan ló sì lè fi ọrẹ sílẹ̀, èyí sì ń mú kó wu àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ti ṣàìsàn rí, tàbí tí ìbànújẹ́ ńlá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ lù, kó má ṣe fi irú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀, kó sì sọ òtítọ́ fún àwọn tó ń ṣètò rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá béèrè. Kò sì sí olùkọ́ gidi tí yóò ní kí ẹnikẹ́ni pa oògùn tí dókítà fún un tì nítorí àṣàrò.

Ìlànà márùn-ún

Ẹlẹ́sìn Búdà tí kì í ṣe mọ́ńkì máa ń gba ìlànà márùn-ún: kó yàgò fún pípa ohun ẹlẹ́mìí, fún mímú ohun tí wọn kò fún un, fún ìwà àìtọ́ nínú ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀, fún irọ́ pípa, àti fún ọtí àti ohun mìíràn tó ń pa èèyàn lọ́pọlọ dà. Wọn kì í ṣe òfin tí Ọlọ́run kan fi lélẹ̀ tí yóò sì torí rẹ̀ fìyà jẹni. Ohun tí èèyàn gbà láti fi kọ́ ara rẹ̀ ni, bó bá sì ṣubú, yóò tún un gbà. Ní tèmi, ìkẹrin ni ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ lè fi mọ ara rẹ̀ kíákíá, torí kò sí ọjọ́ kan tí a kì í lanu, ọjọ́ mélòó péré sì ni èèyàn lè lò láìfi àsọdùn kún ohun tó ń sọ. Ní ti ẹran jíjẹ, àwọn mọ́ńkì ní Ṣáínà kì í jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ní Theravada, mọ́ńkì lè jẹ ẹran tí wọ́n bá fún un, bí kò bá rí i, tí kò gbọ́, tí kò sì fura pé torí òun ni wọ́n ṣe pa á. Kí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ṣe bí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ bá ṣe sọ.

Dídara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́

Ànáńdà, ìbátan Búdà tó tún jẹ́ olùrànlọ́wọ́ rẹ̀, sọ nígbà kan pé ọ̀rẹ́ rere jẹ́ ìdajì ìgbé ayé mímọ́. Búdà ní kó má ṣe sọ bẹ́ẹ̀, pé ọ̀rẹ́ rere ni gbogbo ìgbé ayé mímọ́ náà. Ẹni tó ń dá jókòó nínú ilé lè bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ kó máa fi ìfẹ́ ara rẹ̀ túmọ̀ ẹ̀kọ́, kò sì ní sí ẹni tí yóò sọ fún un pé ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ tàbí pé ìgbéraga ti ń wọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀.

Kí èèyàn kọ́kọ́ pè wọ́n lórí fóònù tàbí kó fi íméèlì ránṣẹ́, kó sọ pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni, kó sì béèrè ọjọ́ tí wọ́n ń kọ́ àwọn ẹni tuntun. Lọ́jọ́ náà, kó wọ aṣọ tó bo ara tí kò sì fún, kó tètè dé, kó sì bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Ibi púpọ̀ ni wọ́n ti máa ń lu agogo, wọn a jókòó fún ìṣẹ́jú 20 sí 40, wọn a rìn díẹ̀, wọn a ka ẹsẹ ìwé mímọ́, olùkọ́ a sọ̀rọ̀, wọn a sì mu tíì. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá gba ìforíbalẹ̀ lè dúró jẹ́ẹ́ tàbí kó pa ọwọ́ pọ̀. Àwọn tó mọ iṣẹ́ wọn kò ní fi dandan mú un. Ní tẹ́ḿpìlì Theravada, kó má ṣe na àtẹ́lẹsẹ̀ sí ère tàbí sí mọ́ńkì. Obìnrin kì í fọwọ́ kan mọ́ńkì ọkùnrin, ọ̀pọ̀ mọ́ńkì kì í fọwọ́ gba owó, wọn kì í sì í jẹun mọ́ lẹ́yìn ọ̀sán gangan títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́.

Ọ̀rọ̀ owó máa ń rú ni lójú. Àṣà àtayébáyé ni pé a kì í ta ẹ̀kọ́ Búdà. Ọrẹ àtinúwá ni àwọn èèyàn fi ń gbé olùkọ́ àti ilé ẹ̀kọ́ ró. Nítorí náà, àpótí ọrẹ yóò wà lẹ́nu ọ̀nà, kò sì sí ẹni tí yóò máa wo ohun tí èèyàn fi sínú rẹ̀. Àwọn ilé kan máa ń gba owó ibùsùn àti oúnjẹ fún ètò ọlọ́jọ́ púpọ̀, tàbí owó oṣù lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́, èyí kò sì burú bó bá hàn gbangba, tí àyè sì wà fún ẹni tí kò ní.

Ètò ìwọlé gan-an ni wọ́n ń pè ní sísá di ohun mẹ́ta: Búdà, Dharma tó jẹ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀, àti Sangha tó jẹ́ àwùjọ àwọn tó ń tẹ̀ lé e. Èèyàn yóò sọ ọ́ nígbà mẹ́ta, yóò sì gba ìlànà márùn-ún. Olùkọ́ Tibet lè gé irun díẹ̀ lórí rẹ̀, kó sì fún un ní orúkọ tuntun. Ní Soto Zen, ẹni náà sábà máa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán aṣọ kékeré tí wọn yóò fi kọ́ ọ lọ́rùn, abẹ́rẹ́ kan lẹ́yìn èkejì, fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Èmi fẹ́ràn ìránṣọ yìí púpọ̀, torí ó ń fún èèyàn láyè láti ro ohun tó fẹ́ ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ di mọ́ńkì nìkan ni wọ́n ń fá lórí, ìyẹn kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀.

Bí a ṣe ń dá olùkọ́ tó léwu mọ̀

Ó dùn mí láti kọ apá yìí, ṣùgbọ́n ó pọn dandan. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ni olùkọ́ olókìkí ti lo agbára rẹ̀ láti bá akẹ́kọ̀ọ́ lò pọ̀ tàbí láti kó owó wọn jẹ, tí àwọn tó yí i ká sì dákẹ́ nítorí ọ̀wọ̀. Ní 1993, àwọn olùkọ́ láti àwọn ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ bá Dalai Lama ní Dharamsala nílẹ̀ Íńdíà, òun náà sì sọ pé kí àwọn èèyàn má ṣe bo irú ìwà bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀. Àpẹẹrẹ tó yẹ kó mú ẹni tuntun fẹsẹ̀ fẹ ni pé olùkọ́ kan kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi òun léèrè, pé kò sí ẹni tó mọ bí owó ṣe ń wọlé àti bó ṣe ń jáde, pé wọ́n ń sọ fún un kó jìnnà sí ẹbí àti ọ̀rẹ́, tàbí pé wọ́n ń fi àjálù dẹ́rù ba ẹni tó bá fẹ́ kúrò. Kó béèrè ẹni tó kọ́ olùkọ́ náà àti ẹni tó fún un láṣẹ láti kọ́ni. Ìdáhùn yẹ kó wà nílẹ̀.

Kó sì ṣọ́ra gan-an fún ẹni tó ń yangàn pé òun ti dé ibi tí Búdà dé. Ìlànà àwọn mọ́ńkì ní Theravada jẹ́ 227, mẹ́rin péré nínú wọn ló sì jẹ́ pé ẹni tó bá rú u kì í ṣe mọ́ńkì mọ́ láti ìṣẹ́jú yẹn: ìbálòpọ̀, olè jíjà, pípa èèyàn, àti mímọ̀ọ́mọ̀ parọ́ pé òun ti ní agbára tàbí ìmọ̀ tó ju ti èèyàn lọ. Àní bó bá jẹ́ òótọ́, ẹ̀ṣẹ̀ ni fún un láti sọ ọ́ fún ẹni tí kò tíì gba oyè mọ́ńkì. Èyí fi hàn bí àwọn tó tọ́jú ẹ̀sìn yìí ṣe mọ ewu tó wà nínú irú ìyangàn bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní ẹgbẹ́ tó dára, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ máa ń bá olùkọ́ jiyàn láìbẹ̀rù, àwọn tó ti kúrò ṣì máa ń yà kí wọn, ìlànà sì wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá ní ẹ̀sùn. Kí èèyàn wo bí wọ́n ṣe ń bá ẹni tó ń gbálẹ̀ sọ̀rọ̀, kó sì wo bí olùkọ́ ṣe ń ṣe nígbà tí ẹnì kan bá takò ó. Oṣù mẹ́fà kò pọ̀ jù fún wíwò kí èèyàn tó sá di ohunkóhun.

Bí kò bá sí ẹgbẹ́ kankan nítòsí, ọ̀pọ̀ tẹ́ḿpìlì àti ilé ẹ̀kọ́ ti ń jókòó pọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní wákàtí kan náà lọ́sẹ̀, lára wọn ni Plum Village, ilé tí Thich Nhat Hanh (1926–2022) dá sílẹ̀ nílẹ̀ Faransé ní 1982. Èèyàn méjì tàbí mẹ́ta tún lè máa pàdé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀: kí wọ́n jókòó fún ìṣẹ́jú 20, kí ẹnì kan ka ìwé fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí wọ́n sì sọ ohun tó ṣòro fún wọn láàárín ọ̀sẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń ṣe olùkọ́ lé ẹnì kejì lórí. Bí àyè bá sì yọ lọ́dún, kí ọ̀kan nínú wọn lọ sí ibi tí olùkọ́ wà fún ọjọ́ díẹ̀, kó kó ìbéèrè gbogbo wọn dání, kó sì kọ àwọn ìdáhùn sílẹ̀ fún àwọn tí kò lè lọ.